Gradient eré nínú ìṣàn tí kò ní viscosity, àti ohun tí ògiri ń fà

Ìbéèrè: Mo kọ kóòdù kan fúnra mi tó ń yanjú ìdọ́gba Euler, ti ìṣàn tí kò ní viscosity (gbígbo tí ìpele ohun ṣíṣàn ń gbo ara wọn), lórí àwọ̀n onígun mẹ́ta. Àárín ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan ni mò ń tọ́jú ìdáhùn sí. Afẹ́fẹ́ ló ń ṣàn kọjá ọ̀pá róbótó kan, eré rẹ̀ sì kéré gan-an sí eré ohùn. Mo fi ọ̀nà Green-Gauss, tó ń lo iye orí ẹ̀gbẹ́ ojú àwọ̀n, ṣírò gradient eré (bí eré ṣe ń yí padà láti ibì kan sí ìkejì) kí n lè rí vorticity (bí afẹ́fẹ́ ṣe ń yípo nínú ara rẹ̀), mo sì fi òdo sí eré lára ògiri ọ̀pá náà. Ohun tó rú mi lójú ni pé bí mo ṣe ń sọ àwọ̀n di wẹ́wẹ́ sí i, bẹ́ẹ̀ ni vorticity ẹ̀bá ògiri ń pọ̀ sí i. Ṣé Green-Gauss ni kò dára ni? Àti pé nígbà tí kò sí viscosity, kí la tiẹ̀ ń fi gradient eré ṣe?

Ìdáhùn: Ẹ kú iṣẹ́ o. Ẹ má tíì di ẹ̀bi ru Green-Gauss. Ó ní àléébù tirẹ̀, a óò débẹ̀, àmọ́ òun kọ́ ló da iṣẹ́ yín rú. Òdo tí ẹ fi sára ògiri ni. Ohun ṣíṣàn tó ní viscosity ló ni òdo yẹn, nítorí òun ló máa ń lẹ̀ mọ́ ògiri. Èyí tí ẹ ń ṣírò kì í lẹ̀ mọ́ nǹkan kan, ńṣe ló ń yọ̀ kọjá. Ohun kan ṣoṣo tí ògiri lè kọ̀ fún un ni pé kó má gba inú òun kọjá. Kò lè ní kó dúró.

Ẹ jẹ́ ká kọ́kọ́ mú ìbéèrè yín kejì, torí ibẹ̀ ni gbogbo ọ̀rọ̀ yìí ti ṣẹ̀ wá.

Nínú ìṣàn tó ní viscosity, inú ìdọ́gba gan-an ni gradient eré ń gbé. Bí ìpele kan bá ń gbo ìkejì lára, gradient ló ń sọ bí gbígbo náà ṣe le tó. Tí ẹ bá ṣì í ṣírò, agbára tó ń fa nǹkan sẹ́yìn á bà jẹ́ lójú ẹsẹ̀, ẹ ó sì rí i pé nǹkan ti ṣẹlẹ̀. Ìdọ́gba tí Leonhard Euler tẹ̀ jáde ní 1757 kò ní irú ẹ̀ka yẹn. Ohun tó ń gba ẹ̀gbẹ́ ojú àwọ̀n kan bọ́ sí ìkejì dúró lórí iye ρ (bí afẹ́fẹ́ ṣe wúwo tó nínú àyè kan), iye eré àti iye ìfúnpá tó wà níbi ẹ̀gbẹ́ yẹn, ó parí. Ẹni tó bá gbà pé iye kan náà ló kún inú ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan látòkè délẹ̀ lè ṣe ìṣirò rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ dópin láìṣírò gradient ẹyọ kan.

Iṣẹ́ méjì ló wá kù fún gradient. Àkọ́kọ́ ni pé ká fi gbé iye àárín ojú àwọ̀n lọ sí ẹ̀gbẹ́ rẹ̀, kí ìṣirò lè kúrò ní ìpele kìíní (tí a bá gé àwọ̀n sí méjì, àṣìṣe á dínkù sí ìdajì) bọ́ sí ìpele kejì (á dínkù sí ìdá mẹ́rin). Ọ̀nà tí Bram van Leer là sílẹ̀ ní 1979, tí wọ́n ń pè ní MUSCL, ni ọ̀pọ̀ kóòdù ṣì ń tọ̀ títí dòní. Ìkejì ni kíka ìdáhùn lẹ́yìn tí ìṣirò bá ti parí: vorticity, fífẹ̀ àti fífún ìṣàn, wíwá ibi tí ìjì kékeré wà, àti bẹ́ẹ̀ bẹ́ẹ̀ lọ. Iṣẹ́ méjèèjì kì í fẹ́ irú gradient kan náà, mo sì rí i pé níbi tí àwọn èèyàn ti ń fi ọ̀kan ṣe méjèèjì ni wọ́n ti ń kọsẹ̀ jù. Pàápàá iṣẹ́ kejì: ìdọ́gba Euler kò bèèrè gradient yẹn lọ́wọ́ yín, nítorí náà kò ní bá yín wí tí ẹ bá ṣì í. Ìfúnpá lè dára, agbára tó ń gbé nǹkan sókè lè dára, kí vorticity sì jẹ́ irọ́ pátápátá. Ẹ̀yin fúnra yín lẹ gbọ́dọ̀ dá a lẹ́jọ́.

Ó yá, ẹ jẹ́ ká padà sí ògiri.

Ẹ mú ògiri pẹlẹbẹ ná. Afẹ́fẹ́ ń sá eré 100 m/s gba ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ kọjá, eré yẹn kò sì yàtọ̀ láti ìsàlẹ̀ dé òkè. Gradient tòótọ́ jẹ́ òdo. Ká ní ojú àwọ̀n tó kan ògiri ga ní mìlímítà 2. Ẹ̀gbẹ́ rẹ̀ tó wà lókè ní 100, ẹ sì ti fi 0 sí èyí tó wà nísàlẹ̀. Green-Gauss máa yọ ti ìsàlẹ̀ kúrò nínú ti òkè, á wá fi gíga pín in: 100 ÷ 0.002, ìyẹn 50,000 s⁻¹. Ẹ gé gíga ojú àwọ̀n sí méjì, ó di 100,000. Ẹ tún gé e, ó di 200,000. Ohun tí ẹ rí gẹ́lẹ́ nìyẹn. Ìṣirò tó bá dára máa ń fìdí kalẹ̀ síbì kan bí àwọ̀n ṣe ń di wẹ́wẹ́. Iye tó bá ń di ìlọ́po méjì nígbàkigbà tí ẹ bá gé àwọ̀n sí méjì, ẹ mọ̀ pé ìyàtọ̀ kan wà tí ẹ ń fi gíga tó ń kéré sí i pín, tí ìyàtọ̀ náà fúnra rẹ̀ kò sì kéré sí i.

Ohun tó tọ́ láti fi síbẹ̀ ni eré àárín ojú àwọ̀n, lẹ́yìn tí ẹ bá ti yọ apá tó dojú kọ ògiri kúrò nínú rẹ̀. Ká pe eré àárín ní u_c, ti ara ògiri ní u_w, ká sì pe fẹ́ktọ̀ tó dúró ṣánṣán sí ògiri ní n, tí gígùn rẹ̀ jẹ́ 1:

u_w = u_c − (u_c · n) n

Bí ẹ bá ń lo ojú àwọ̀n àfipè, èyí tó wà lẹ́yìn ògiri tí kò sí níbẹ̀ ní tòótọ́, ìlọ́po méjì lẹ máa yọ: u_g = u_c − 2(u_c · n) n. Bí dígí ṣe ń ṣe nìyẹn, apá tó dojú kọ ògiri yí padà, èyí tó ń lọ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri dúró bó ṣe wà. Lórí ògiri pẹlẹbẹ, iṣẹ́ ti parí.

Ògiri tiyín kì í ṣe pẹlẹbẹ. Ibí yìí ni mo fẹ́ kẹ́ ẹ farabalẹ̀ dáadáa, torí tí ẹ bá tún òdo yẹn ṣe lásán, vorticity yín á dẹ́kun gígun òkè, inú yín á dùn, àmọ́ kò ní kúrò nílẹ̀. Ó máa dúró síbì kan tí kì í ṣe òdo, kò sì ní mì mọ́, ẹ ó wá rò pé ohun tí ìṣàn náà ń sọ nìyẹn.

Ká sọ pé ìdajì ìbú ọ̀pá náà jẹ́ 0.5 m, tí afẹ́fẹ́ sì ń bọ̀ láti ọ̀nà jíjìn pẹ̀lú eré 10 m/s. A mọ ìdáhùn tòótọ́ fún ìṣàn tí kò ní viscosity tó sì lọ́ra báyìí: lórí téńté ọ̀pá, eré jẹ́ ìlọ́po méjì tí ọ̀nà jíjìn, ìyẹn 20 m/s. Bí ẹ bá ti ń kúrò lára ọ̀pá lọ sókè, eré ń dínkù. Lẹ́bàá ògiri gan-an, bó ṣe ń dínkù jẹ́ eré náà pín sí ìdajì ìbú: 20 ÷ 0.5 = 40 s⁻¹. Ẹ pè é ní −40. Àmọ́ vorticity kì í ṣe èyí nìkan. Nígbà tí ọ̀nà tí afẹ́fẹ́ ń tọ̀ bá tẹ̀ kọdọrọ, títẹ̀ náà ní ìpín tirẹ̀, ìpín yẹn sì jẹ́ eré pín sí ìdajì ìbú, +40. Ẹ pa wọ́n pọ̀, ó di òdo. Ìdí tí ìṣàn náà kò fi ní vorticity nìyẹn, láìka pé eré ń yí padà gidigidi láti ògiri sókè.

Ẹ wá wo ohun tí dígí ń ṣe. Ká pe gíga ojú àwọ̀n ní h. Eré ní àárín ojú àwọ̀n àkọ́kọ́ jẹ́ 20 − 20h, torí pé àárín wà ní ìdajì h sókè ògiri. Lórí ẹ̀gbẹ́ òkè rẹ̀, eré jẹ́ 20 − 40h. Dígí ní kí ẹ fi iye àárín sára ògiri, ìyẹn 20 − 20h, nígbà tó jẹ́ pé 20 gan-an ló yẹ kó wà níbẹ̀. Green-Gauss yọ, ó pín, ó sì mú −20 jáde. Ẹ fi +40 ti títẹ̀ kún un, vorticity di 20 s⁻¹.

Ẹ ṣàkíyèsí pé h ti pòórá nínú ìdáhùn yẹn. Ì báà jẹ́ mìlímítà kan, ì báà jẹ́ ìdá kan nínú ẹgbẹ̀rún rẹ̀, 20 s⁻¹ ni ẹ máa rí nínú ojú àwọ̀n àkọ́kọ́. Ìdajì gradient tòótọ́ lẹ ń rí, ìdajì yẹn kò sì ní dí láé. Tí ẹ bá lo least squares (ọ̀nà míì tí a óò ṣàlàyé nísàlẹ̀) pẹ̀lú ojú àwọ̀n àfipè onídígí, −20 yẹn náà ni ẹ máa bá pàdé. Kí á má ṣe pa ọ̀nà dà, ká tún ògiri ṣe.

Ọ̀nà àtúnṣe tí mo fẹ́ràn jù ni èyí tó rọrùn jù. Dípò kí ẹ gbé iye àárín sára ògiri bó ṣe wà, ẹ fi gradient tí ẹ ṣírò nígbà tó kọjá, ∇u, gbé e débẹ̀ (x_c àti x_w ni ibi tí àárín àti ògiri wà):

u_w = u_c + ∇u · (x_w − x_c)

lẹ́yìn náà kí ẹ yọ apá tó dojú kọ ògiri kúrò. Nígbà àkọ́kọ́, gradient jẹ́ òdo, nítorí náà ẹ ó rí −20. Ẹ fi −20 yẹn gbé iye lọ sára ògiri, ẹ tún ṣírò, ó di −30. Lẹ́yìn náà −35, lẹ́yìn náà −37.5. Nígbà kọ̀ọ̀kan, àṣìṣe ń dínkù sí ìdajì, ó sì ń wọlé bọ̀ sí −40. Nínú kóòdù tó ń rìn lọ nínú àsìkò, kò ná yín ní nǹkan kan, torí pé gradient ìgbésẹ̀ tó kọjá ti wà nínú ìrántí kọ̀ǹpútà tẹ́lẹ̀. Tó bá jẹ́ ẹ̀yìn ìṣirò lẹ ti fẹ́ lò ó, ẹ yí i po ní nǹkan bí ìgbà mẹ́wàá, ó tó.

Ọ̀nà kejì ni ti Dadone àti Grossman, láti 1994. Wọ́n ní kí ojú àwọ̀n àfipè má jẹ́ dígí lásán, kó mọ̀ pé ògiri tẹ̀. Bí afẹ́fẹ́ bá ń yí po lára ọ̀pá, ìfúnpá gbọ́dọ̀ máa ga sí i bí a ṣe ń jìnnà sí i, iye tó sì ń fi ga ni ρ u² ÷ R, níbi tí R ti jẹ́ ìdajì ìbú ọ̀pá. Nítorí náà ojú àwọ̀n àfipè, tó wà nínú ọ̀pá, máa ní ìfúnpá tó rẹlẹ̀ díẹ̀. Wọ́n wá fún un ní entropy kan náà (iye kan tí kò yẹ kó yí padà nínú ìṣàn tí kò ní gbígbo) àti àpapọ̀ enthalpy kan náà (agbára tí afẹ́fẹ́ gbé dání, pẹ̀lú ti eré rẹ̀) pẹ̀lú ojú àwọ̀n tó kan ògiri. Bí ìfúnpá bá rẹlẹ̀ tí agbára kò sì yí padà, eré gbọ́dọ̀ ga sí i: ẹ ṣírò rẹ̀, ẹ ó rí i pé bó ṣe ń ga jẹ́ u ÷ R gẹ́lẹ́, ìyẹn 40 s⁻¹ tí a rí lókè. Ọ̀nà yìí dára ju ti àkọ́kọ́ lọ ní ohun kan, pé kì í ṣe gradient nìkan ló ń tún ṣe, ó ń tún ìṣàn fúnra rẹ̀ ṣe. Dígí lára ògiri tó tẹ̀ máa ń dá entropy tí kò yẹ kó wà sílẹ̀, entropy náà á máa ṣàn lọ sẹ́yìn ọ̀pá, nígbà míì ẹ ó tiẹ̀ rí i tí afẹ́fẹ́ kúrò lára ọ̀pá lẹ́yìn bí ẹni pé viscosity wà níbẹ̀. Àwòrán rẹ̀ máa ń jọ ohun tí a ń rí nínú ayé gan-an, ìyẹn ló fi léwu.

Ó yá, Green-Gauss fúnra rẹ̀. Ìlànà rẹ̀ ni

∇u ≈ (1/V) Σ u_f n_f A_f

níbi tí V ti jẹ́ àyè tí ojú àwọ̀n gbà, A_f jẹ́ títóbi ẹ̀gbẹ́ kan, u_f jẹ́ eré lórí ẹ̀gbẹ́ náà, n_f jẹ́ fẹ́ktọ̀ tó dúró ṣánṣán sí i, tó dojú kọ ìta. Ohun gbogbo dá lórí bí ẹ ṣe rí u_f. Tí ẹ bá kàn mú ìpíndọ́gba iye méjì tó wà lọ́tùn-ún àti lósì, ó dára lórí àwọ̀n tó dọ́gba. Lórí èyí tí kò dọ́gba, ẹ wò ó lórí ìlà kan ṣoṣo. Ojú àwọ̀n wa bẹ̀rẹ̀ láti 0 dé 1. Ti òsì bẹ̀rẹ̀ láti −1 dé 0, ti ọ̀tún láti 1 dé 4. Ẹ jẹ́ kí u jẹ́ x, kí gradient tòótọ́ jẹ́ 1. Iye àárín wọn jẹ́ −0.5, 0.5 àti 2.5. Ìpíndọ́gba ní òsì jẹ́ 0, ó tọ̀nà. Ní ọ̀tún ó jẹ́ 1.5, bẹ́ẹ̀ 1 ló yẹ kó jẹ́. Gradient di 1.5. Ohun tó rọrùn jù láyé, ìlà tó lọ tààrà, àṣìṣe rẹ̀ sì jẹ́ ìdajì odindi. Tí ẹ bá gé gbogbo ojú àwọ̀n kéékèèké tí ìwọ̀n ọ̀kan sí ìkejì kò sì yí padà, 1.5 náà ni.

Ẹ lè fi jíjìnnà sí ẹ̀gbẹ́ wọn iye méjèèjì kí ẹ tó pa wọ́n pọ̀, ìyẹn á gba yín lórí ìlà. Lórí onígun mẹ́ta tó wọ́, kì í tó, torí pé ìlà tó so àárín méjì pọ̀ kì í gba àárín ẹ̀gbẹ́ wọn kọjá. Àwọn kan máa ń kọ́kọ́ gbé iye lọ sí àwọn igun kí wọ́n tó pa dà sí ẹ̀gbẹ́, ó dára ju ìpíndọ́gba lásán lọ dáadáa.

Èmi, fún àwọ̀n onígun mẹ́ta, least squares ni mo máa ń kọ́kọ́ mú. Ẹ wo àwọn alámùúlétì ojú àwọ̀n yín, ẹ wá gradient tó máa jẹ́ kí ìlà kan gba ẹ̀gbẹ́ gbogbo iye wọn kọjá láìjìnnà sí ìkankan. Nọ́ńbà ló máa ṣàlàyé rẹ̀ jù. Ẹ gbé àárín yín sí (0, 0). Alámùúlétì mẹ́ta wà ní (1, 0.2), (−0.4, 0.9) àti (−0.5, −0.8). Ká sọ pé eré jẹ́ 4 + 2x − y, àmọ́ kóòdù kò mọ̀. Ìyàtọ̀ ló rí: 1.8, −1.7, −0.2. Ẹ ṣe àròpọ̀ wọ̀nyí:

Σx² = 1.41, Σxy = 0.24, Σy² = 1.49
ΣxΔu = 2.58, ΣyΔu = −1.01

D = 1.41 × 1.49 − 0.24² = 2.0433
∂u/∂x = (1.49 × 2.58 + 0.24 × 1.01) ÷ D = 4.0866 ÷ 2.0433 = 2
∂u/∂y = (−1.41 × 1.01 − 0.24 × 2.58) ÷ D = −2.0433 ÷ 2.0433 = −1

Ó gbé 2 àti −1 jáde láìyẹ̀, bó tilẹ̀ jẹ́ pé àwọn alámùúlétì náà wà káàkiri láìlétò. Bí eré bá lọ tààrà, least squares kì í ṣì í, ì báà jẹ́ àwọ̀n tó wọ́ bí ọ̀nà oko. Àròpọ̀ x àti y dúró lórí àwọ̀n nìkan, nítorí náà ẹ ṣírò wọn lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo níbẹ̀rẹ̀, kí ẹ tọ́jú wọn.

Ẹ̀bá ògiri ni kẹ́ ẹ ti ṣọ́ra fún un. Onígun mẹ́ta tó fara kan ògiri ní alámùúlétì méjì péré, tó bá sì jẹ́ pé àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ wà lórí ìlà kan náà pẹ̀lú rẹ̀, D á súnmọ́ òdo, gradient á fò sókè. Ẹ fi gbogbo ojú àwọ̀n tó bá a pín igun kún àwọn alámùúlétì rẹ̀. Fún apá eré tó ń lọ gba ẹ̀gbẹ́ ògiri, ẹ lè yọ ògiri kúrò nínú àròpọ̀ pátápátá, kí ìṣàn tó wà nínú sọ tẹnu rẹ̀. Fún apá tó dojú kọ ọ́, ẹ fi òdo síbẹ̀, torí òdo yẹn jẹ́ òótọ́.

Ẹ ó gbọ́ pé least squares máa ń bà jẹ́ lẹ́bàá ògiri tó tẹ̀. Òótọ́ ni, Dimitri Mavriplis fi hàn ní 2003, àmọ́ lórí àwọn ojú àwọ̀n pẹlẹbẹ tín-ínrín tí a ń tò sára ògiri nítorí viscosity ni. Ẹ ò nílò irú àwọ̀n bẹ́ẹ̀. Tí ẹ bá ti tò ó síbẹ̀ láti inú iṣẹ́ míì, ẹ má gbára lé fífi 1 pín sí jíjìnnà ṣe ìwọ̀n: ó ń ran àwọn àwọ̀n míì lọ́wọ́, àmọ́ lórí onígun mẹ́ta tí a ń tọ́jú ìdáhùn sí àárín rẹ̀ bíi tiyín, kò tó.

Ohun kékeré kan rèé tó máa ń jẹ àkókò èèyàn. Kóòdù Euler kì í sábà tọ́jú u. Iye ρu ló ń tọ́jú, ká pè é ní m. Ẹ má ṣírò gradient m kí ẹ wá fi ρ pín in, kò tó. Ó yẹ kó jẹ́ ∇u = (∇m − u∇ρ) ÷ ρ. Ó sàn kí ẹ kọ́kọ́ yọ u àti v (eré ní ìhà méjèèjì) àti p (ìfúnpá) jáde nínú ojú àwọ̀n kọ̀ọ̀kan, kí ẹ tó ṣírò gradient tiwọn.

Ìṣàn yín kò tíì ní ìgbì shock (ibi tí eré àti ìfúnpá ti ń fò lójijì) báyìí. Ọjọ́ tí ẹ bá gbé Mach (eré pín sí eré ohùn) ọ̀nà jíjìn kọjá nǹkan bí 0.4, afẹ́fẹ́ orí ọ̀pá á ti bá eré ohùn dọ́gba, shock kò sì ní pẹ́ yọjú. Níbẹ̀, ìbéèrè "gradient eré jẹ́ mélòó?" kò ní ìdáhùn. Ẹ mú shock tó dúró ṣánṣán ní Mach 2, pẹ̀lú afẹ́fẹ́ ní 300 K. Eré ń wọlé ní 694 m/s, ó ń jáde ní 260. Ìyàtọ̀ jẹ́ 434. Tí kóòdù bá na shock náà sórí ojú àwọ̀n mẹ́ta tí ọ̀kọ̀ọ̀kan jẹ́ mìlímítà 1, ẹ ó ka nǹkan bí 145,000 s⁻¹. Ẹ gé wọn sí méjì, ẹ ó ka 290,000. Nínú Euler, shock kò ní nípọn rárá, kò sì síbi tí iye yẹn ti máa dúró. Nítorí náà ẹ má kọ iye gradient tó ga jù sínú ìjábọ̀ kankan láé láìwo ibi tó ti wá. Ohun tó níye lórí níbẹ̀ ni ìyàtọ̀ láti ìhà kan sí ìkejì.

Shock náà ló mú kí limiter wà. Godunov ti fi hàn ní 1959 pé ìlànà onílà tààrà tí kì í dá òkè àti ọ̀gbun tuntun sílẹ̀ kò lè kọjá ìpele kìíní. Limiter ni ìjánu tí a fi sẹ́nu gradient kó má baà gbé iye kọjá ti àwọn alámùúlétì, irú ti Barth àti Jespersen ní 1989 tàbí ti Venkatakrishnan lẹ́yìn náà. Fún iṣẹ́ àkọ́kọ́, gbígbé iye lọ sí ẹ̀gbẹ́, ẹ lò ó. Fún iṣẹ́ kejì, ẹ má lò ó. Mo ti rí kóòdù tó fi gradient tí a ti kó ní ìjánu ya vorticity, ìdí ìjì kọ̀ọ̀kan sì tẹ́ pẹrẹsẹ, torí pé níbi téńté tó yẹ kí gradient ti hàn dáadáa ni ìjánu ti fà á jù. Ẹ tọ́jú méjèèjì lọ́tọ̀.

Bí shock bá sì tẹ̀, vorticity tó wà lẹ́yìn rẹ̀ lè jẹ́ òótọ́. Crocco ló so ó pọ̀ ní 1937: nínú ìṣàn tó dúró sójú kan tí àpapọ̀ enthalpy rẹ̀ dọ́gba níbi gbogbo, ibi tí entropy bá ti yàtọ̀ láti ìlà ìṣàn kan sí ìkejì ni vorticity máa wà. Shock tó tẹ̀ ń fún ìlà kọ̀ọ̀kan ní entropy tó yàtọ̀. Àmọ́ nínú ìṣàn tó lọ́ra bíi tiyín, tó wá láti ọ̀nà jíjìn láìyí, Kelvin ti sọ ọ́ láti 1869 pé kò síbi tí yíyípo ti máa wá. Tí ẹ bá rí vorticity lára ọ̀pá, ẹ̀yin lẹ dá a sílẹ̀, ẹ wá p ÷ ρ^γ wò lẹ́bàá rẹ̀ (òun ló ń fi entropy hàn; γ jẹ́ nọ́ńbà kan tí kò yí padà fún afẹ́fẹ́) kí ẹ fi wé ti ọ̀nà jíjìn. Bí entropy bá yàtọ̀, ìṣàn náà fúnra rẹ̀ ti bà jẹ́ lára ògiri. Bí entropy bá dára tí vorticity kò sì dára, ọ̀nà tí ẹ fi ń ka gradient ló ní àṣìṣe.

Bí mo bá wà ní ipò yín, mi ò ní tan ọ̀pá náà lónìí. Mo máa pa ìdọ́gba tì ná, mo máa fi u = 4 + 2x − y sínú gbogbo ojú àwọ̀n, kí n pe iṣẹ́ gradient nìkan. Least squares gbọ́dọ̀ mú 2 àti −1 jáde títí dé nọ́ńbà tó kẹ́yìn tí kọ̀ǹpútà lè tọ́jú, nínú gbogbo ojú àwọ̀n. Bí ojú àwọ̀n kan kò bá mú un jáde, ẹ wo ẹni tó jẹ́ alámùúlétì rẹ̀. Tí gbogbo rẹ̀ bá yẹ̀ nínú Green-Gauss, ẹ kọ́kọ́ ṣe àròpọ̀ n_f A_f yíká ojú àwọ̀n kan: tí kì í bá ṣe òdo, ọ̀kan nínú àwọn fẹ́ktọ̀ n ń dojú kọ inú dípò ìta.

Lẹ́yìn ìyẹn, ẹ fi ìdáhùn ọ̀pá tí a ti mọ̀, èyí tó ní 20 m/s lórí téńté, sínú àwọn ojú àwọ̀n, kẹ́ ẹ tún ṣírò gradient láìyanjú ìdọ́gba kankan. Ẹ ṣe é lórí àwọ̀n mẹ́ta, kí ìkọ̀ọ̀kan jẹ́ ìdajì èyí tó ṣáájú. Àṣìṣe gradient gbọ́dọ̀ máa dínkù sí ìdajì, ó kéré tán. Kó ju bẹ́ẹ̀ lọ lórí àwọ̀n tó létò. Ìpele kìíní fún gradient ti tó, torí pé ìyẹn ló ń mú ìpele kejì wá fún eré. Ẹ ka àṣìṣe ojú àwọ̀n tó kan ògiri lọ́tọ̀ sí ti àwọn tó kù. Ìpíndọ́gba gbogbo àwọ̀n máa ń bò wọ́n mọ́lẹ̀, torí wọn kò pọ̀, ibẹ̀ sì ni 20 s⁻¹ yẹn máa ń sá pamọ́ sí.